Ẹni Àkọ́kọ́ Tí Bọ̀dá Ṣàràfá Kò Pè Padà

Tí ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa ní Fìdítì, ariwo àwọn obìnrin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ti ẹ̀rọ. Wọn ò bá ara wọn jà o. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni wọ́n ń bú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n da tèmi sí i! Oòrùn ti fẹ́ pa wá.”

“Ti Ìyá Ìmíní ò tíì jáde tán.”

“Kí ló tún kù níbẹ̀? Àbí wúrà lẹ̀ ń wá?”

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà á máa ṣe. Á pa ẹ̀rọ, á ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, á fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá a, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kó tó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Ní ìdí ẹ̀rọ mìíràn, ti ẹnì kan kì í tíì tán tí wọ́n á fi da ti ẹlòmíràn lé e. Bí ẹ̀kúnwọ́ kan bá bọ́ sínú ti ara wọn, kí ló burú? Ẹ̀gẹ́ náà ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò gbà. Àwọn obìnrin àdúgbò ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-jẹ́-ó-tán.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ṣàràfá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é. Kódà bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, mo wẹ̀yìn wò. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ẹ má sì bínú pé “ó” ni mò ń kọ fún un, tí n bá ń kọ “wọ́n”, ẹ ò ní mọ ìgbà tó jẹ́ òun nìkan àti ìgbà tó jẹ́ gbogbo ìlú. Ọmọ mi wà lórí ẹsẹ̀ mi báyìí, ó ti fi itọ́ ba etí ìwé jẹ́, eyín méjì péré ló ní, ó sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní méjìlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá ni kò dùn. Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni mo tó mọ bí kò ṣe dùn tó.

Kí ilé wọn tó di ilé ọkọ mi, òun ló dojú kọ ilé bàbá mi, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì nígbà náà, nǹkan bí ọdún 1971. Bọ̀dá ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ń wálé ní Sátidé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lásìkò yẹn, tí ẹ bá dárúkọ kọ̀ǹpútà ní Fìdítì, wọ́n á ní kí ẹ tún un wí. Màmá wọn, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, “Ẹ̀rọ kan tó kún yàrá ni ọmọ mi ń tọ́jú. Kì í fẹ́ ooru rárá, ó ń ṣe bí aláboyún.”

Ọ́fíìsì kan ni, tí wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà tó fẹ́ wọ girama. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún máàkì. Àwọn ọmọbìnrin kan ló ń fi ẹ̀rọ lu káàdì náà ní ihò ihò, ẹ̀rọ ńlá á wá kà á, á kó orúkọ àti máàkì pa pọ̀ sórí àwo dúdú kan tó dà bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Bọ̀dá ló ń jókòó ti ẹ̀rọ ńlá yẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, àwa ọmọ àdúgbò yí i ká. Àsíátù wà níbẹ̀. Ọmọ Àǹtí Sàúdátù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá ni. Ọmọ náà gbọ́n, ẹ jẹ́ n kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé fọ́ọ̀mù kìíní mi, òun ló ń yá a kà, ó fi bébà sìmẹ́ǹtì bò ó kí epo má kàn án. Tó bá dá a padà, á bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi á máa wo òkè.

Bọ̀dá ní, “Tí màmá yín bá rán yín níṣẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Wọ́n á tutọ́ sílẹ̀!” gbogbo wa pariwo. “Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé!”

“Ó dára. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀rọ wa nìyẹn.” Ó fẹ̀yìn ti igi. Inú rẹ̀ ń dùn. “Ètò tí a kọ fún ẹ̀rọ là ń pè ní iṣẹ́. Iṣẹ́ àgbà kan wà nínú ẹ̀rọ. Òun ló ń rán iṣẹ́ kékeré pé, lọ ka káàdì àwọn ará Ìlọrà àti Fìdítì, kọ ọ́ sórí àwo, kí o padà wá jábọ̀ fún mi. Tí káàdì kan bá ti ṣẹ́, iṣẹ́ kékeré á há síbẹ̀. Àgbà á wá jókòó, á máa retí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ilẹ̀ á ṣú, á ṣì máa retí. Gbogbo wa nínú ọ́fíìsì á máa bá a retí. Èmi ni mo wá kọ ọ́ sínú ètò náà pé, tí àkókò báyìí bá kọjá, kí àgbà pa ilẹ̀kùn dé, kó yéé retí. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́.”

Àsíátù ní, “Bọ̀dá, tí itọ́ bá gbẹ tí kò dé ńkọ́?”

“Mo máa rán òmíràn.”

“Ẹ ò ní wá ẹni àkọ́kọ́?”

Ẹ̀rín pa wá. Bọ̀dá fi èpo ọsàn sọ ọ́. “Ọmọ yìí, ìwọ nìkan lo máa ń bi mí ní ìbéèrè bí alákòóso. Nílé yín, tí wọ́n bá rán ọ lọ ra iyọ̀ tí o pẹ́, ṣebí àbúrò rẹ ni wọ́n máa rán tẹ̀lé ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì á jọ padà wálé.”

“Ṣé o wá rí i?” ni Bọ̀dá wí, ó sì bó ọsàn mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́rùn Àsíátù lọ́dún yẹn. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣàmsúdéènì, kì í ṣe èèyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni, ó ní ọsàn, ó ní ẹ̀gẹ́, ó ní ọmọ tó pọ̀. Tíṣà Amos tó ń kọ́ wọn ní ìwé mẹ́fà ló wá bẹ̀ ẹ́ títí, bí Àsíátù ṣe ṣèdánwò nìyẹn. Bàbá náà sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, “Tíṣà, mo gbọ́. Ọdún yìí nìkan. Tó bá wọlé, màá ta ọsàn mi lórí igi. Tí ò bá wọlé, ọkọ rẹ̀ ń bẹ ní Akínmọ̀rìn tó ń retí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún wá bẹ̀ mí.” Tíṣà Amos ní, “Á wọlé, sà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọ̀la á mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹnu Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún wa títí ó fi sú àwọn èèyàn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń tú atẹ́gùn tútù sì ti bàjẹ́. Káàdì fa omi, ó wú. Iṣẹ́ kékeré tó gbé káàdì Ìlọrà àti Fìdítì kò há o, ó kàn ń rìn jẹ́jẹ́ ni. Káàdì á wọlé, á lẹ̀, ẹ̀rọ á tì í, á tún un tì. Àkókò tí Bọ̀dá kọ sílẹ̀ pé. Iṣẹ́ àgbà pa ilẹ̀kùn dé bó ṣe ní kó ṣe. Bọ̀dá ní, “Itọ́ ti gbẹ.” Ó kó káàdì náà, ó nù wọ́n gbẹ, ó tò wọ́n padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún àgbà bẹ̀rẹ̀. Àgbà rán iṣẹ́ kékeré kejì.

Iṣẹ́ kékeré àkọ́kọ́ ṣì wà ní ìta. Ẹni tó rán an ló ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹni tí wọ́n rán pé kó má ṣe é mọ́. Kò sí ìlà kan nínú ohun tí Bọ̀dá kọ tó sọ bẹ́ẹ̀. Nílé, ọmọ méjì tí wọ́n rán tẹ̀lé ara wọn á pàdé lọ́nà, wọ́n á jọ padà wá. Nínú ẹ̀rọ, wọn ò mọ ara wọn. Káàdì kan náà làwọn méjèèjì wá ń já gbà lọ́wọ́ ara wọn, àwo kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Eléyìí mú orúkọ, ìyẹn mú máàkì. Orúkọ ọmọ kan wá bọ́ sórí máàkì ẹlòmíràn. Bọ̀dá rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú níbi tí kò yẹ kó ti máa ṣẹ́jú. Ó rò pé ti ẹnì kejì ni. Ó jókòó, ó jẹ mọ́ín-mọ́ín rẹ̀. Iṣẹ́ parí kíá, àní ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ọ̀gá dùn.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé-ìwé. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ni Olúṣínà.

Ẹ jọ̀ọ́, Olúṣínà yìí, ọmọ dáadáa ni, òun ló ń tún mọ́tò ṣe ní Awẹ́ báyìí, kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ó sùn nínú ìdánwò. Ó sùn, ó hanrun, Tíṣà Amos ló jí i. Ìyá rẹ̀ pa adìẹ, àwọn èèyàn ń bi í pé, “Ìyá Olúṣínà, irọ̀rí wo lẹ rà fún un? Ẹ júwe rẹ̀ fún wa.” Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ Àsíátù wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú máàkì tí ọmọ tó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan máa gbà.

Àsíátù kò sunkún. Ó dúró níwájú bébà náà, ó fi ìka tọ ìlà náà láti orúkọ dé máàkì, ó tún un tọ̀. Ó ní, “Eléyìí kì í ṣe tèmi.” Tíṣà Amos tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà ní, “Kì í ṣe tiẹ̀.” Bàbá Ṣàmsúdéènì bi wọ́n pé, “Ta ló wá ni ín?”

Bọ̀dá dé ní Sátidé. Wọ́n gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó di ọkọ mi ló fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́? Olúṣínà ló gba ipò kìíní.”

“Olúṣínà wo?”

“Olúṣínà tó sùn.”

Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. “Àsíátù ńkọ́?”

Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Iná yẹn.” A ò mọ ohun tó ń sọ nígbà yẹn.

Ní Mọ́ńdè, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó ní káàdì ṣì wà ní yàrá ẹrù, ọ̀sán kan péré ni yóò gbà láti tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, tí iṣẹ́ kékeré bá pẹ́, òun á kọ́kọ́ pè é padà, kó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí ó bá kọ̀, òun á fi agbára dá a dúró. Ìgbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní ìta mọ́ ni òun tó máa rán òmíràn. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá ní, “Ṣàràfá, ta ló rán ọ níṣẹ́?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà.”

“Àwọn ilé-ìwé ti mú ọmọ. O fẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé ká kó ọmọ kan jáde ká kó òmíràn wọlé? Kí wọ́n máa bi mí pé mélòó ló tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ yẹn á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọdún tó ń bọ̀, sà.”

“Ìbátan rẹ ni?”

Bọ̀dá kò lè purọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti mọ̀. Máa lọ.”

Nígbà tó fi máa padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, yàrá ẹrù ti ṣófo. Ó bá káàdì náà ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, lábẹ́ agbada alákàrà. Alákàrà náà ló ń fi wọ́n dáná. Bọ̀dá ní òun dúró títí èyí tó gbẹ̀yìn fi jó, alákàrà rò pé ebi ló ń pa òun, ó ta òun lọ́rẹ àkàrà kan.

Ó padà wálé wá jẹ́wọ́ fún Tíṣà Amos àti àwọn òbí. Àwọn òbí kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí Ìbàdàn. Ọ́fíìsì ní irọ́ ni, ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì lé Bọ̀dá, pé ó ń ba orúkọ iṣẹ́ jẹ́. Kò sẹ́ni tó tún gbà á síṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń lépa. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Mo wà níbẹ̀, èmi àti Àsíátù ń gé ilá. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Ṣàmsúdéènì.

“Bàbá Àsíátù, ẹ fún mi ní ọdún kan. Èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Èmi ni màá gbọ́ bùkátà rẹ̀.”

“Dìde nílẹ̀.”

“N ò ní dìde, àfi tí ẹ bá gbà.”

“Wò ó, àna mi, mi ò bá ọ jà. Mi ò mọ ẹ̀rọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti bá àwọn ará Akínmọ̀rìn ṣe àdéhùn. Ìwọ lo rán àkọ́kọ́ tó sọnù. Ṣé èmi ni o tún fẹ́ kọ́ láti rán ẹlẹ́ẹ̀kejì?”

Àǹtí Sàúdátù bú sẹ́kún nínú yàrá. Àsíátù kò dáwọ́ ilá gígé dúró. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó tún gé èyí tó ti gé.

Kí wọ́n tó mú un lọ, ó wá dá ìwé mi padà. Ó ti pààrọ̀ bébà sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ sí tuntun. Ó ní, “Mo ti ka èyí tán.” Mo ní kó máa mú un lọ. Ó ní, “Kí n máa kà á fún ta?” Ó gba ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn kọjá. Bọ̀dá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó kí i, Àsíátù ń bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn Àsíátù kò bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀ mọ́, kódà nígbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú tí a lọ kí i ní Akínmọ̀rìn. Gbogbo wa ló kí. Tó bá kan Bọ̀dá, á yíjú sí ògiri.

Bí Bọ̀dá ṣe di ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́ ládùúgbò wa tí ọmọ náà pẹ́, Bọ̀dá kì í jẹ́ kí wọ́n rán ọmọ mìíràn tẹ̀lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló máa dìde lọ.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Ẹ̀rọ Akínmọ̀rìn bàjẹ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ wọn wá bá wa. Èmi àti ọmọ mi wà níbẹ̀, mo ń fi í yangàn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò. Mo gbójú sókè, Àsíátù ni mo rí, ó ru agbọ̀n, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àlàkẹ́, di aṣọ rẹ̀ mú. Àsíátù ti gbẹ. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ ò lè mọ̀.

Bọ̀dá rí i. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

Mo bi Àsíátù pé, “Àlàkẹ́ á wọ ilé-ìwé lọ́dún yìí, àbí?”

“Bàbá rẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀.” Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fún ọmọ náà lówó. “Lọ ra iyọ̀ wá ní ìsọ̀ iwájú yẹn. Kí itọ́ yìí tó gbẹ.”

Nínú oòrùn yẹn, itọ́ wo ni kò ní gbẹ? Ó gbẹ. Àlàkẹ́ kò dé. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì, ó gùn. Àsíátù na ọrùn. Obìnrin kan sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé, “Sáré lọ wo ọmọ yẹn wá.”

“Má rán an!”

Bọ̀dá ni. Ó ti pa ẹ̀rọ, ti ẹnì kan ṣì wà ní ẹnu rẹ̀. Ó jáde, ẹ̀gẹ́ funfun wà ní irun rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Ẹ wá wò ó o!” àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀. “Bàbá Ẹ-jẹ́-ó-tán ti fi iṣẹ́ sílẹ̀! Ti ta ló wá máa tán báyìí?”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni Àsíátù wí. Kò pariwo rẹ̀.

Ó pẹ́. Mo fa ọmọ mi mọ́ra, ó ké, mi ò mọ̀ pé mo di í le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Bọ̀dá yọ, ó mú Àlàkẹ́ lọ́wọ́. Iyọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ náà nínú bébà, ó ti ń yọ́ fún òógùn. Ó ti rà á tipẹ́tipẹ́. Etí títì ló dúró sí, ọkọ̀ ò jẹ́ kó rí àyè sọdá.

Bọ̀dá fi ọwọ́ ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ti ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ jáde. Ó pa á. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbá a, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àsíátù ló kàn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ, kò sì dà á.

“Ó ti jáde tán?” ló bi í.

Bọ̀dá tún wò ó. “Ó ti jáde tán.”

Àsíátù wá da tirẹ̀ sí i.